Ta Ni Mùsùlùmí Nínú Ms. Marvel?

Bí ọmọ Mùsùlùmí kan bá ti bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ìbéèrè tí àwọn tó kù nílé máa ń bèèrè nípa rẹ̀ kì í sábà ju méjì lọ: ṣé ó ṣì ń kírun? Ṣé ó ṣì ń gbọ́ Yorùbá? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú méjèèjì bá jẹ́ rárá, wọn á mi orí, wọn á ní ọmọ náà ti sọnù. Èrò tó wà lẹ́yìn ìbéèrè wọ̀nyí ni pé igbá méjì ni ọmọ náà gbé dání, ọ̀kan ti ilé, ọ̀kan ti òkè òkun, àti pé bí ọ̀kan bá ti ń kún ni èkejì ń jò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù lókè òkun náà ní irú èrò yìí. Nínú fíìmù tiwọn, ọmọbìnrin Mùsùlùmí tó bá fẹ́ gbádùn ayé rẹ̀ gbọ́dọ̀ sá kúrò nílé bàbá rẹ̀, kí ó ṣí ìbòrí rẹ̀ dànù, kí ó tó lè di ẹni tí ó fẹ́ jẹ́.

Eré àtìgbàdégbà tí mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ms. Marvel, kò gba èrò yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó kù sí, ibẹ̀ gan-an ló sì kan èmi àti àwọn ẹbí mi jù. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé eré náà fi hàn wá dáadáa pé ọmọ kan lè jẹ́ Mùsùlùmí kí ó sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé a là á sí méjì, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti fún àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú láyè láti sọ̀rọ̀, àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀sìn náà ti wà lọ́dọ̀ wọn ní Amẹ́ríkà láti ìgbà òwò ẹrú.

Ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló gbé eré náà wá sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ nígbà tí wọ́n wálé wá ṣe ọdún Iléyá. Ẹni ọdún 15 ni, èmi sì jẹ́ ẹni ọdún 16. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó: lákọ̀ọ́kọ́ fún ìgbádùn, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ìwé àti bírò lọ́wọ́.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí eré náà ti wá. Inú ìwé ìtàn aláwòrán ni ẹ̀dá ìtàn tí wọ́n ń pè ní Kamala Khan ti kọ́kọ́ jáde. Ọdún 2013 ni ilé iṣẹ́ Marvel kọ́kọ́ fi í hàn, nígbà tó sì di ọdún 2014 wọ́n gbé ìwé tirẹ̀ jáde. Òun ni Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí Marvel fi ṣe akọni tí ìwé ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Sana Amanat, ọmọ àwọn tó ti Pakísítánì wá tó dàgbà ní New Jersey, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. G. Willow Wilson, obìnrin aláwọ̀ funfun ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀sìn Islam, ló kọ ìtàn náà. Adrian Alphona ló ya àwòrán rẹ̀. Ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ìwé náà gba ẹ̀bùn Hugo ní ọdún 2015. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù Okúdù ọdún 2022, eré náà bẹ̀rẹ̀ lórí Disney+. Apá mẹ́fà ni. Bisha K. Ali ni olórí àwọn tó kọ ọ́, Iman Vellani ló sì ṣe Kamala. Karachi ni wọ́n bí òṣèré yìí sí, Kánádà ló sì gbé dàgbà.

Ahunpọ̀ ìtàn náà kò le. Kamala jẹ́ ọmọ ọdún 16 ní Jersey City, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey tó jẹ́ pé odò ló là á láàárín sí New York. Pakísítánì ni àwọn òbí rẹ̀, Yusuf àti Muneeba, ti wá. Aamir ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa tó gbéyàwó. Ọmọ náà fẹ́ràn àwọn akọni inú fíìmù débi pé kò gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó wọ ẹ̀gbà ọwọ́ kan tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Karachi, ó sì rí i pé òun lè fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ohun líle tí òun lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ rìn. Láti ibẹ̀ ni wàhálà ti dé: àwọn àlùjọ̀nnú kan ń wá ẹ̀gbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà sì ń wá ọmọbìnrin tó ní agbára yìí.

Ohun àkọ́kọ́ tí eré náà ṣe dáadáa ni pé kò sọ ilé Kamala di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ jẹ́ ká wo apá kìíní. Kamala fẹ́ lọ sí àpéjọ àwọn olólùfẹ́ akọni, ibi tí oníkálukú ti máa ń múra bí akọni tó fẹ́ràn. Àwọn òbí rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó ronú, wọ́n sì gbà pé kí ó lọ bí bàbá rẹ̀ bá máa tẹ̀lé e. Ìyá rẹ̀ rán aṣọ ìbílẹ̀ wọn aláwọ̀ ewé méjì, kí bàbá jẹ́ Hulk ńlá, kí ọmọ jẹ́ Hulk kékeré. Bàbá ti kun ojú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, inú rẹ̀ ń dùn. Ọmọ ní ìtìjú ńlá ni, òun kò wọ̀ ọ́. Ojú bàbá sì fà ro.

Àwọn kan lè wo ibẹ̀ kí wọ́n ní ìjà àṣà méjì nìyẹn. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ da àṣà Pakísítánì pọ̀ mọ́ ti Amẹ́ríkà níbẹ̀? Àwọn òbí ni. Àwọn ló gbé aṣọ ilé wọn wọ akọni Amẹ́ríkà. Ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ni kò fẹ́ ẹ. Ohun tó ń dà á láàmú kò ju pé ọmọ ọdún 16 ni, kò sì fẹ́ kí bàbá òun tẹ̀lé òun lọ síbi tí ẹgbẹ́ òun wà. Kò sí ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ìlọrin tàbí ọmọ Èkó tí kò mọ ìtìjú yẹn. Eré náà wá fi ọgbọ́n parí ọ̀rọ̀ aṣọ yìí. Nínú apá kẹfà, Muneeba fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ tí Kamala fi di akọni. Bruno, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ló ṣe ìbòjú rẹ̀. Ní Karachi ni wọ́n ti fún un ní ẹ̀wù ìlékè rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó sọ àsọyé gígùn lórí àṣà. A kàn rí aṣọ náà, a sì rí i pé ọmọ tó kọ aṣọ ìyá rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ti wọ aṣọ ìyá rẹ̀ jáde lọ gba ìlú là.

Ohun kejì tó dára ni mọ́sálásí. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù òkè òkun, bí wọ́n bá ti fi mọ́sálásí hàn, ohùn ìlù tó ń dẹ́rù ba ni á máa dún lábẹ́lẹ̀, a ó sì mọ̀ pé ẹnì kan ń gbèrò ibi nínú rẹ̀. Nínú Ms. Marvel, ohun tí wọ́n ń jí ní mọ́sálásí ni bàtà! Ẹni tó bá ti kírun Jímọ̀ rí tó wá jáde láìrí bàtà rẹ̀ níta máa rẹ́rìn-ín dáadáa. Àwọn obìnrin ń ráhùn pé ibi tí wọ́n fi wọ́n sí ti ń bàjẹ́, kò sí ẹni tó ń tún un ṣe. Aamir onírùngbọ̀n tí kì í fi ìrun ṣeré kò ya wèrè, kò di oníbọ́ǹbù. Ẹ̀gbọ́n tó máa ń tọ́ àbúrò rẹ̀ ni, tí ó sì máa ń gbà kí àbúrò náà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Mọ́sálásí yìí náà ni Nakia, ọ̀rẹ́ Kamala, ẹni tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú eré náà, ti ń kírun. Ó ń lo híjáàbù. Kò sí ẹni tó fi ipá mú un, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ó ṣàlàyé fún Kamala pé láti kékeré ni àwọn kan ti ń rí òun bí ẹni tó funfun jù, tí àwọn mìíràn sì ń rí òun bí àjèjì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òun fi híjáàbù borí ni òun dẹ́kun láti máa wá ojúure ẹnikẹ́ni. Nakia yìí kan náà ló du ipò nínú ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, tó sì wọlé. Ẹ wo bí ó ṣe rí: kò jáde kúrò nínú ẹ̀sìn nítorí pé ibi tí àwọn obìnrin ń kírun ti ń wó. Ó jókòó síbẹ̀, ó wá ìbò, ó ń tún un ṣe. Ọmọlúàbí ni mo pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Nakia kàn wá níhìn-ín ju bí àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ ṣe lérò lọ. Inú oṣù tí eré náà bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù Okúdù ọdún 2022, ni Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin lè lo híjáàbù ní àwọn ilé ìwé ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe ẹjọ́ náà. Ní gbogbo àkókò tí ọ̀rọ̀ híjáàbù fi ń jà ràn-ìn nílẹ̀ Yorùbá, mo gbọ́ ohùn agbẹjọ́rò, mo gbọ́ ti ìjọba, ti àwọn pásítọ̀ àti ti àwọn alfa. Ohùn ọmọbìnrin tí aṣọ náà wà lórí rẹ̀ ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ẹ̀kọ́ tí Nakia kọ́ mi nìyí: kí a tó jà nítorí ọmọ, kí a bi ọmọ náà léèrè.

Ohun kẹta tó dára ni apá kẹrin àti ìkarùn-ún, tí ibùdó ìtàn kúrò ní Amẹ́ríkà bọ́ sí Karachi. Mo ti rò pé bí Kamala bá dé ilé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, gbogbo ohun tó rú u lójú á sì lójú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Karachi ń rí i bí ọmọ Amẹ́ríkà. Ìyá àgbà rẹ̀, Sana, wá sọ fún un pé òun gan-an kò mọ èyí tí òun ì bá pe ara òun: ìwé ìrìnnà òun jẹ́ ti Pakísítánì, ibi tí ìran òun ti ṣẹ̀ sì wà ní Íńdíà, ààlà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àti ìnira fà ló sì wà láàárín méjèèjì. Ọdún 1947 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìjọba sílẹ̀, tí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì. Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ènìyàn ló sá láti ẹ̀gbẹ́ kan ààlà sí èkejì, ọ̀kẹ́ àìmọye ló sì kú. Eré náà gbé wa lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin lọ́dún náà, níbi tí Sana ti sọnù ní ọmọdé.

Ohun tí apá yìí sọ fún mi lágbára púpọ̀. Ó ní rúkèrúdò tó wà lọ́kàn Kamala kò bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó wọ bàálù. Àwọn òbí tó bá rò pé bí a bá ti dá ọmọ padà sílé ni yóò mọ ẹni tí òun jẹ́, kí wọ́n wo apá kẹrin yẹn dáadáa.

Mo ti yin eré náà tó. Ó tó àkókò kí n sọ ibi tí bàtà ti ta á lẹ́sẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ń tọ pinpin àwọn Mùsùlùmí ní Jersey City, wọ́n ń wọ mọ́sálásí. Èyí kì í ṣe àròsọ lásán. Láti ọdún 2011 ni àwọn oníròyìn Associated Press ti tú u síta pé lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Owewe ọdún 2001, àwọn ọlọ́pàá New York rán àwọn amí sí mọ́sálásí, sí ilé oúnjẹ àti sí àárín ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, títí kan àwọn tó wà ní New Jersey. Ìròyìn náà gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 2012. Àwọn Mùsùlùmí New Jersey pe ẹjọ́, ọdún 2018 sì ni wọ́n tó yanjú rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó jẹ́ ẹgbẹ́ Kamala ló dàgbà sí ibi tí wọn kò ti mọ̀ bóyá ẹni tó jókòó tì wọ́n ní ìpàdé jẹ́ arákùnrin wọn tàbí amí.

Kí ni eré náà fi èyí ṣe? Ó kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ náà lé obìnrin kan lórí, òṣìṣẹ́ tó ń jẹ́ Deever. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó dáwọ́ dúró, kò gbọ́; nígbà tó yá, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Mo gbà pé inú awòran máa ń dùn bí ọ̀dájú bá rí ẹ̀san. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ kì í ṣe ìwà burúkú ẹnì kan tó kọ etí dídi sí ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ló rán wọn níṣẹ́. Eré tó ní ìgboyà láti fi mọ́sálásí hàn bó ṣe rí kò ní ìgboyà láti fi ọ́fíìsì hàn bó ṣe rí.

Àbùkù kejì ló wúwo jù lọ́kàn mi. Ìyàwó tí Aamir ń fẹ́ ń jẹ́ Tyesha. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ Amẹ́ríkà, Mùsùlùmí sì ni. A rí i níbi ìgbéyàwó, ó rẹwà, ó jó, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kejì tí mo wo eré náà, mo fi bírò mi ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kò pọ̀ rárá. A kò mọ bí òun àti Aamir ṣe pàdé, a kò mọ ohun tí àwọn òbí rẹ̀ rò, a kò mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó ní mọ́sálásí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ti Éṣíà wá. Wákàtí púpọ̀ ni eré náà fi bi Kamala léèrè pé ta ni ọ́. Kò bi Tyesha ní ìṣẹ́jú kan.

Bẹ́ẹ̀, bí a bá ń sọ ìtàn Mùsùlùmí ní Amẹ́ríkà, ìbátan Tyesha ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kan nínú wọn ni Omar ibn Said, ọ̀mọ̀wé láti Futa Toro tó wà ní Senegal òní. Ọdún 1807 ni wọ́n kó o dé Charleston. Ní ọdún 1831, nígbà tó ṣì jẹ́ ẹrú, ó fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, ìwé náà sì wà ní ilé ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà títí dòní. Ní ayé òde òní, ilé ìwádìí Pew fojú bù ú lọ́dún 2017 pé nǹkan bíi 3,450,000 Mùsùlùmí ló wà ní Amẹ́ríkà. Ìwádìí wọn sì fi hàn pé bí a bá kó àwọn Mùsùlùmí náà ní márùn-ún márùn-ún, ọ̀kan nínú márùn-ún jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìpínlẹ̀ New Jersey kan náà ni Ibtihaj Muhammad ti wá, aláwọ̀ dúdú tó ṣe eré ìjà idà. Ní ìdíje Olíńpíìkì ọdún 2016 ní Rio, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi híjáàbù díje fún Amẹ́ríkà, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ. Bí ẹnì kan bá ń wá akọni tó ń fi híjáàbù ja ìjà ní New Jersey, kò yẹ kí ó wá a jìnnà.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀? Nítorí àbúrò mi tó gbé eré náà wá ni. Ràmọ́tà ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ. Ní ilé kéú tó ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ níbẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ kan bi í pé ọdún wo ni àwọn òbí rẹ̀ gba Islam. Ó ní wọ́n bí wọn sínú rẹ̀ ni. Ọmọ náà ní kò dá òun lójú. Òmíràn ní kì í ṣe Ràmọ́tà ni wọ́n ń pè é, pé kí ó lọ tún orúkọ rẹ̀ kọ bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá tó bí bàbá àgbà wa ń kọ́ ọmọ ní kéú nínú ilé tí a ṣì ń gbé! Àwọn Mùsùlùmí ti wà nílẹ̀ Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Àánú ni ìtumọ̀ Ràmọ́tà. Ẹnu Yorùbá ló pè é bẹ́ẹ̀, bí ẹnu Yorùbá ṣe ń pe Lámídì àti Mòríámọ̀, kò sì sọ àánú náà di àbùkù.

Ẹ wá wo ohun tí eré náà ṣe pẹ̀lú orúkọ Kamala. Nínú apá kẹfà, bàbá rẹ̀ jókòó tì í lókè àjà, ó sì ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ, pé ìtumọ̀ orúkọ náà sún mọ́ ìyanu, èyí tí òyìnbó ń pè ní Marvel. Ọmọ náà wá mọ̀ pé orúkọ akọni tí òun ń wá kiri ti wà lára òun láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ òun lórúkọ. Ìran yẹn wú mi lórí gan-an. Ràmọ́tà náà gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, Tyesha ńkọ́? Kí ni ìtumọ̀ tirẹ̀?” N kò rí èsì fọ̀, nítorí eré náà kò sọ.

Ìtàn fi yé wa pé nǹkan lè rí lọ́nà mìíràn. Nígbà tí Malcolm X, Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, wá sí Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1964, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọmọwálé. Wọn kò bi í pé ìgbà wo lo gba Islam. Wọn kò ní kí ó kọ́kọ́ mú ìdílé rẹ̀ wá kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ tí wọ́n fún un kì í ṣe ti Lárúbáwá, orúkọ Yorùbá ni, kò sì dín ẹ̀sìn rẹ̀ kù. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn mọ̀ lọ́dún 1964 ni eré ọdún 2022 kò tíì mọ̀: pé ilé Mùsùlùmí ní ju yàrá kan lọ.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé eré kan ṣoṣo kò lè ru ẹrù gbogbo Mùsùlùmí ayé. Òótọ́ ni. Ìdílé Pakísítánì kan ni wọ́n fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. N kò ní kí wọ́n kó ọmọ Yorùbá, ọmọ Somalia àti ọmọ Bosnia sínú rẹ̀ tipátipá. Ohun tí mo ń bèèrè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tyesha ti wà nínú ilé náà. Wọ́n ti pè é, ó ti wá, ó ti di ìyàwó ilé. Nílé tiwa, bí ìyàwó tuntun bá wọlé tí ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀, a mọ ohun tí à ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìran kan ṣoṣo tó, kí òun àti Kamala jókòó, kí Tyesha sọ bí ìyá àgbà tirẹ̀ ṣe ń gbààwẹ̀. Ó lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Yóò sì jẹ́ kí Kamala mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ láti Karachi nìkan ni ogún Mùsùlùmí ní Jersey City.

Àwọn kan náà lè ní kí ló kàn mí nínú ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi han ara wọn. Ó kàn mí nítorí pé eré yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọdé máa fi mọ bí Mùsùlùmí ṣe rí. Ọmọ tó bi Ràmọ́tà léèrè ìgbà tí wọ́n gba Islam kò burú. Ó kàn jẹ́ pé gbogbo Mùsùlùmí tí wọ́n ti fi hàn án ló jọ bàbá tirẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun ní ilé ìwé rẹ̀ ń wo òun náà bí àjèjì, òun náà sì yí i sí ẹlòmíràn. Bí ìyà ṣe máa ń rìn nìyẹn, láti orí ẹni tí wọ́n tì dé orí ẹni tó tún lè tì.

Ní àkótán, Ms. Marvel jẹ́ eré tó yẹ kí ọ̀dọ́ wò. Ó pa wá lẹ́rìn-ín, ó bọ̀wọ̀ fún òbí, ó fi ẹ̀sìn hàn bí ibi tí ènìyàn ń gbé, ó sì já irọ́ àwọn tó ní ọmọ Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú ilé àti ayé. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó fi ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba pamọ́ sẹ́yìn ẹnì kan, ó sì fi ìyàwó ilé sí ìdákẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá, méje ni máa fún un, máa sì kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀ pé kí ó padà wá gba mẹ́ta tó kù bí Tyesha bá ti sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n lókè òkun, bí ẹ bá pè wọ́n lórí fóònù, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n kírun, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ṣì ń gbọ́ èdè. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ̀kẹta kún un: ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀, kí lo sì fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá ní kí á ṣe lámèyítọ́ ìwé tàbí fíìmù, ẹ má jẹ́ kí á mọ sí olú ẹ̀dá ìtàn nìkan. Ẹ jẹ́ kí á ka iye ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu àwọn tó kù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ wo eré náà bí ẹ bá rí i, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì máa ṣọ́ ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tí kò sọ nǹkan kan. Òun náà lórúkọ, orúkọ náà sì ní ìtumọ̀.